Àwọn Ọdún Tí Mo Fi Wọn Apá Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń mú fọ́ọ̀mù Jáǹbù kiri àdúgbò wa yìí, gbogbo yín lẹ fẹ́ di dókítà, tàbí lọ́yà, tàbí ẹni tí ń jókòó ti kọ̀ǹpútà nínú yàrá tútù. Kí Ọlọ́run gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fìdí kalẹ̀ díẹ̀ kí n sọ iṣẹ́ tèmi fún yín. Apá ọmọ ni mo ń wọn. Mo wọn apá ọmọ títí irun fi funfun lórí mi, mo sì fẹ̀yìn tì láìní mọ́tò, láìní ilé alájà. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, iṣẹ́ náà ni n óò tún mú, n óò sì tún bá àwọn ọ̀gá mi jiyàn bí mo ṣe bá wọn jiyàn.

Ìdòwú Sàúdátù ni orúkọ mi, ọmọ agbo ilé kan láàárín ìgboro Ẹdẹ níbí. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ki Ìdòwú: èṣù lẹ́yìn ìbejì. Ẹnu mi mú, n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ sínú. Ìyá mi ló ní kí n lọ ṣiṣẹ́ ìlera, pé bóyá bí mo bá ń gbọ́ ẹkún ọmọ ọlọ́mọ láràárọ̀, ara mi á balẹ̀. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ gbà kò ní ìtàn nínú: wọ́n pè wá, a lọ, wọ́n gbà wá. Owó oṣù ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìgbà tó bá wù ú ló ń wá.

Ilé ìwòsàn kékeré kan ni wọ́n gbé mi lọ, lọ́nà Alájùé, ibi tí àwọn aboyún àti ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ń wá. Mátírọ́ọ̀nù ni gbogbo wa ń pe ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀. Ará Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, onígbàgbọ́, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Kò sí ìdí tí wọ́n fi máa gbé e sókè, nítorí bí wọ́n bá ti wo ènìyàn lójú lásán, onítọ̀hún á ti máa ronú ohun tó ṣe. Bí o bá pẹ́ dé, wọn kò ní bá ọ wí. Wọ́n á kàn ṣe iṣẹ́ tìrẹ mọ́ tiwọn, wọ́n á sì jẹ́ kí o dúró kí o máa wò wọ́n. Ìtìjú yẹn ju ẹgba lọ. Láàárín oṣù mélòó kan, èmi Ìdòwú tí ìyá mi kò rí jí láàárọ̀ ni mo máa ń bá ẹni tí ń gbálẹ̀ ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, ojú la fi ń wọn ọmọ. Wọ́n máa ń gbé ìyẹ̀fun àgbàdo tí wọ́n lọ̀ mọ́ sóyà wá fún àwọn ìyá tí kò rí jájẹ, àwa ni a óò sì mọ ẹni tó tọ́ sí. A ó wo irun ọmọ bóyá ó ti ń pọ́n, a ó wo ìdí rẹ̀ bóyá ó ti hunjọ. Ṣùgbọ́n ojú máa ń ṣègbè. Ìyá tó bá mọ̀ọ̀yàn kí, tó bá mọ bí wọ́n ṣe ń sunkún, ó máa ń gbé ìyẹ̀fun lọ sílé. Èyí tí ojú ń tì, tó jókòó sẹ́yìn tó fi ìborùn bo ọmọ rẹ̀, á padà lọ lófo. Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, òótọ́ ni, àmọ́ ọmọ tí ebi ti gbá mú kì í lè ṣípá. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dun Mátírọ́ọ̀nù gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òṣùwọ̀n tí wọ́n ń so kọ́ dé. A so ó mọ́ igi àjà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ó ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ inú ṣòkòtò kan tó wà nídìí rẹ̀, ọmọ á máa fì dirodiro lókè, á sì figbe ta. Ìyá àgbà kan wá láti ìlú Ara, ó rí i tí a so ọmọ ọmọ rẹ̀ kọ́, ló bá gbá a mú. Ó ní, "Ẹran ni wọ́n ń gbé kọ́ wọ̀n. Ọmọ tèmi kì í ṣe ẹran." Ó gbé e pọ̀n, ó ń lọ. Mátírọ́ọ̀nù tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n bẹ̀ ẹ́ títí ó fi padà. Mo ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn ilẹ̀kùn ní tèmi.

Nígbà tó yá, téèpù apá dé. Bí ẹ bá rí i, ẹ óò ní kò já mọ́ nǹkan: ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní àwọ̀ mẹ́ta, pupa, ìyeyè àti àwọ̀ ewé. A ó fi ká apá òsì ọmọ, láàárín èjìká sí ìgbúnwọ́. Bí ó bá bọ́ sí pupa, ọmọ náà yóò máa gba ẹ̀pà inú ọ̀rá, ẹ̀pà tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ mílíìkì àti òróró àti oríṣiríṣi oògùn tí ń múni sanra. Bí ó bá jẹ́ ìyeyè, a ó kọ́ ìyá rẹ̀ bí yóò ṣe máa se oúnjẹ aṣaralóore, á sì máa gbé e padà wá. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ ewé, ẹ máa lọ ilé. Kò pẹ́ tí àwọn ìyá fi sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìdánwò. Bí mo bá ti ń tú téèpù kúrò lápá ọmọ báyìí, wọ́n á ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé ó wọlé?" Ọmọ tó bọ́ sí pupa, tó máa gba ẹ̀pà, ló wọlé.

Ẹ má rò pé ọjọ́ kan ni mo fi kọ́ ọ. Orí ọmọ odó ni Mátírọ́ọ̀nù ti kọ́kọ́ ní kí n máa wọ̀n, lẹ́yìn náà orí ìgò, lẹ́yìn náà apá àwọn ọmọ tiwa. Téèpù kò gbọdọ̀ fún ẹran ara, kò sì gbọdọ̀ dẹ̀. Bí mo bá wọ̀n tán, wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn mi. Bí tèmi bá yàtọ̀ sí tiwọn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n á sọ: "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe títí mo fi ń lá téèpù lójú oorun. Nígbà mìíràn, a ó bá tírà lápá ọmọ, ibi gan-an tó yẹ ká fi téèpù sí, ìyá rẹ̀ kò sì ní fẹ́ ká tú u. Mátírọ́ọ̀nù kì í bá tírà jà. Wọ́n á rọra tì í sókè, wọ́n á ní, "Kí tírà máa ṣe iṣẹ́ tiẹ̀ lókè, kí èmi náà ṣe tèmi nísàlẹ̀."

Ìyàwó olówó ńlá kan gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ kan. Ó ti gbọ́ pé ẹ̀pà wa ń mú ọmọ sanra, ọmọ tiẹ̀ sì rèé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún bámúbámú. Mátírọ́ọ̀nù wọn apá rẹ̀ tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n ní, "Màdáámù, ọmọ yín ti yege. Ẹ máa gbé e lọ sílé." Obìnrin náà ní òun á pe àwọn tó wà lókè. Mátírọ́ọ̀nù dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Ẹ pè wọ́n, mà. Kí wọ́n gbé apá tiwọn náà wá, kí n bá wọn wọ̀n ọ́n." Títí di òní, bí inú mi bá bàjẹ́, mo máa ń rántí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àmọ́ kì í ṣe olówó nìkan ni wọ́n ń dá padà. Bí apá ọmọ tálákà bá fi díẹ̀ ré kọjá pupa, wọ́n á dá òun náà padà, á sì máa dùn mí dé egungun. Mo bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀kan lọ́jọ́ kan. Wọ́n ní, "Ìdòwú, ẹ̀pà tó o fẹ́ fi ṣàánú yìí ní olóhun. Ọmọ kan ń bọ̀ láti ìlú Awo tó ni ín. Kò tíì dé ni."

Nígbà tó ku díẹ̀ kí Mátírọ́ọ̀nù fẹ̀yìn tì ni ọ̀ràn ìbejì ṣẹlẹ̀. Sìdíkátù ni orúkọ ìyá wọn, ọmọbìnrin kan tí kò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ó ń bá wọn bẹ ẹ̀gẹ́ níbi tí wọ́n ti ń yan gàrí ní Alájùé. Ọkọ rẹ̀ ti wáṣẹ́ lọ, kò sì ráyè ranṣẹ́ sílé, nítorí náà òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló jọ ń tọ́ àwọn ọmọ náà. Táíwò obìnrin, Kẹ́hìndé ọkùnrin, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn lẹ́nu ọmú. Ibà kan ti gbé Kẹ́hìndé ṣánlẹ̀, kò sì gbádùn láti ìgbà náà. Mo wọn Táíwò, àwọ̀ ewé. Mo wọn Kẹ́hìndé, pupa. Mo tún un wọ̀n, pupa náà ni.

Mátírọ́ọ̀nù fúnra wọn ló gbé ẹ̀pà lé Sìdíkátù lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Oògùn Kẹ́hìndé nìyí. Kì í ṣe ìpanu. O ò gbọdọ̀ pín in fún ẹlòmíràn." Sìdíkátù kúnlẹ̀, ó ní, "Mo ti gbọ́, mà. Mi ò ní pín in fún ẹlòmíràn."

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, apá Kẹ́hìndé kò kúrò lójú kan. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó tún rù sí i. Nílé ìwòsàn wa, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ó ń tà á ni, nítorí àwọn kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Sìdíkátù gbọ́, ó sunkún, ó fi Kùránì búra pé òun kò ta ẹyọ kan. Mátírọ́ọ̀nù wò ó títí, wọ́n sì pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní, "Ìdòwú, lọ sílé wọn láàárọ̀ ọ̀la. Má bi wọ́n ní nǹkan kan. Ṣáà jókòó, kí o wo bí wọ́n ṣe ń jẹun."

Mo lọ. Mo bá ìyá àgbà, ìyá ọkọ Sìdíkátù, lórí àpótí, ó ń pa èkùrọ́. Sìdíkátù ṣan ọwọ́, ó já ẹnu ọ̀rá ẹ̀pà kan, ó fún díẹ̀ sí Táíwò lẹ́nu, ó fún díẹ̀ sí Kẹ́hìndé lẹ́nu. Táíwò, Kẹ́hìndé. Táíwò, Kẹ́hìndé. Ọwọ́ rẹ̀ kò ṣe ojúsàájú rárá, títí ọ̀rá náà fi gbẹ. Mo gbàgbé pé wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀.

Mo ní, "Ìyá Ìbejì, wọn ò ní kí o má pín in fún ẹlòmíràn ni?"

Ojú rẹ̀ mọ́ kedere nígbà tó dáhùn. Ó ní, "Mi ò pín in, màmá. Táíwò kì í ṣe ẹlòmíràn."

Ìyá àgbà gbé òkúta èkùrọ́ sílẹ̀. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìbejì ni wọ́n. Ohun tí a bá fún ọ̀kan là ń fún èkejì. Èyí tí a bá fi nǹkan dù á bínú padà síbi tó ti wá. Láti ìgbà tí mo ti délé ayé, gbogbo ènìyàn ló ń fún ìbejì ní nǹkan. Mi ò rí ẹni tó kọ́kọ́ wọn apá wọn rí."

Irú ilé tí wọ́n bí èmi náà sí nìyẹn. Ìyá mi kò ra bàtà fún Táíwò tiwa kó má ra ti Kẹ́hìndé. Èmi Ìdòwú ni mo máa ń wọ èyí tí àwọn méjèèjì bá wọ̀ kù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ìyá mi fún ọ̀kan kó má fún èkejì, ẹni náà kò ní tún ẹnu ọ̀nà wa gbà mọ́. Àárín èmi àti Mátírọ́ọ̀nù, èmi ni mo yẹ kí n ti rò ó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rò ó nínú wa.

Mo gbé Kẹ́hìndé lé ẹsẹ̀, mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀. Ojú ibẹ̀ jìn, kò sì padà kún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú ìdajì ẹ̀pà tó kàn án gan-an ló tu dànù sí igbáyà. Àmì ewu ńlá nìyẹn. Mo gbé e pọ̀n, èmi àti ìyá rẹ̀ gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn. Mátírọ́ọ̀nù wo ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, "Òṣogbo. Ẹ má jókòó."

Wọ́n dá ìyá àti ọmọ dúró ní ilé ìwòsàn ńlá kan lọ́hùn-ún. Kẹ́hìndé kọ oúnjẹ. Wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ihò imú rẹ̀ láti máa fi fún un ní mílíìkì, ṣùgbọ́n dókítà sọ fún wa pé àfi bí ó bá fi ẹnu ara rẹ̀ jẹun ni ọkàn àwọn tó lè balẹ̀. Mo wá bẹ Mátírọ́ọ̀nù pé, bí Ọlọ́run bá mú un padà bọ̀, kí wọ́n fún Táíwò náà ní ẹ̀pà tiẹ̀, kí ìyá wọn lè gbà láti fi ti Kẹ́hìndé sílẹ̀ fún un. Wọ́n mi orí. "Apá Táíwò kò wọlé, Ìdòwú. Èyí tó kù nílẹ̀ kò tó àwọn tó ti wọlé." Inú bí mi. Mo sọ fún wọn pé ọkàn wọn le bí òkúta. Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìyá àgbà wọlé dé pẹ̀lú Táíwò lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé Kẹ́hìndé lọ, Táíwò kò jẹ, kò mu. Ó kàn ń na ọwọ́ sí ẹní tí wọ́n jọ ń sùn lé ni. Ó ní, "Ẹ ti yà wọ́n. Ẹ wá wo èyí náà bó ṣe fẹ́ lọ."

Mátírọ́ọ̀nù dìde. Tàwọn ti aṣọ funfun wọn, wọ́n fi eékún méjèèjì kúnlẹ̀ níwájú ìyá àgbà, ní ojú gbogbo àwọn tó wá wọn ọmọ. Wọ́n ní, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ̀yin lẹ mọ ìbejì. Èmi mọ oògùn. Ẹ bá mi wá ọ̀nà tí àwọn méjèèjì á fi jẹ tiwọn, tí ọ̀kan ò sì ní jẹ oògùn èkejì."

Ìyá àgbà ní, "Àwọn àgbà ní kí ìbejì jọ jẹun. Wọn ò ní inú ìkòkò kan náà ni kó ti wá." Ó ní kí n fún òun ní ọ̀rá tí ẹ̀pà ti tán nínú rẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ó lọ sílé, ó yan ẹ̀pà, ó yan sóyà, ó lọ̀ wọ́n títí wọ́n fi yọ òróró, ó fi ṣúgà díẹ̀ sí i, ó fọ ọ̀rá náà mọ́, ó sì rọ ọ́ sínú rẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù tọ́ ọ wò, wọ́n ní ó dáa fún Táíwò.

Gbogbo wa wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. A gbé Táíwò jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì rẹ̀. Sìdíkátù já ọ̀rá méjèèjì, ti ìyá àgbà fún Táíwò, ti ilé ìwòsàn fún Kẹ́hìndé. Táíwò gba tiẹ̀, ó ń fà á mu, ó ń pọ́n ẹnu lá. Kẹ́hìndé ń wò ó. Ó wo ẹnu Táíwò, ó wo ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ẹnu rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gbé apá tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn sókè, ó nà án sí ọ̀rá tiẹ̀, ó sì la ẹnu.

Díẹ̀ ló jẹ, ó sùn. Nígbà tó jí, ó tún jẹ. Sìdíkátù bú sẹ́kún, ìyá àgbà ń ké "àlùhámúdúlílàhì" lábẹ́ ohùn, Mátírọ́ọ̀nù sì kọjú sí fèrèsé, wọn kò kọjú sí wa títí a fi fẹ́ máa lọ. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn nínú ọkọ̀. Wọ́n ní kí n jókòó dáadáa, pé mò ń tẹ aṣọ àwọn.

Kẹ́hìndé padà wálé. Láràárọ̀ ni ìbejì ń jókòó tira wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ọ̀rá tiẹ̀. Pupa di ìyeyè, ìyeyè di àwọ̀ ewé. Lọ́jọ́ tó di àwọ̀ ewé, Sìdíkátù bi mí bí ìṣe wọn pé, "Ṣé ó wọlé?" Mo ní, "Kò wọlé mọ́." Ìyá àgbà ní a gbọ́dọ̀ wọn Táíwò náà, nítorí a ti wọn èkejì rẹ̀. A wọ̀n ọ́n. Mátírọ́ọ̀nù gbé Kẹ́hìndé, wọ́n fúnra wọn pọ̀n ọ́n sẹ́yìn ìyá rẹ̀, wọ́n sì sọ fún un pé, "Mi ò fẹ́ rí ọ níbí mọ́ o."

Láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá wọlé, a kì í fún ìyá ní ẹ̀pà títí a ó fi kọ́ ọ bí yóò ṣe lọ ti èkejì. Ìyá àgbà náà ló máa ń wá kọ́ wọn, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi gbé e mọ́. Mátírọ́ọ̀nù fẹ̀yìn tì, wọ́n padà sí Ọ̀gbómọ̀ṣọ́. Fóònù dé, àwọn ọmọ tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa ń tẹ orúkọ àti apá ọmọ sínú rẹ̀, òun ni yóò sì sọ ẹni tó tọ́ sí. Àwọn ìyá gan-an ti ń gba téèpù lọ sílé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ó yára ju tiwa lọ. Ṣùgbọ́n àárò ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ń sọ mí, àti ariwo ọmọ, àti "tún un ṣe" Mátírọ́ọ̀nù. Bí ẹ bá fẹ́ iṣẹ́ tí wọn yóò máa kọ orúkọ yín sára ògiri, ẹ má wulẹ̀ wá síbí.

Ẹ óò bi mí pé Kẹ́hìndé ńkọ́. N kò mọ̀. Sìdíkátù kò tún gbé e wá, kò sì sí ìdí tí ì bá fi gbé e wá. Yóò ti tó ẹni tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ girama báyìí. Lọ́sàn-án, bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá ń kọjá níwájú ilé mi, tí wọ́n ń ti ara wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún, mo máa ń wo apá wọn. Ojú mi kò tíì fẹ̀yìn tì. Apá tó nípọn, apá tó ń ju òkúta sí máńgòrò olómáńgòrò. Kẹ́hìndé lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kó ní "ẹ káàsán, mà," kó sì máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Òun kò ní mọ̀ mí, èmi náà kò ní dá a mọ̀. Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe nìyẹn.